Ìgbìmọ̀ Àgbà Inú Fírísà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá

Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ahọ́n-Kì-í-Ṣìnà, Atọ́wò Àgbà fún gbogbo ilẹ̀ olótùútù àti agbègbè rẹ̀, ni mo jókòó lónìí láti gbọ́ ẹjọ́ áísìkiriímù fánílà. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó lọ wú u níta.

Mo gbẹ́ kànga sí àárín ike rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Funfun báláú. Ó dùn níwọ̀nba, bí ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ní kó yáa rẹ́rìn-ín nítorí àlejò. Òfin ilé ẹjọ́ ò yí padà: ṣíbí tó bá dùbúlẹ̀ sórí ọmọrí tó lanu sókè, ó dùn. Ṣíbí tó bá dojú dé, kò dùn. Mo jẹ́ kí ṣíbí lanu sókè. Mo dá ike padà sínú fírísà. Ẹjọ́ parí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ìyá Onífírísà, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa, ló ń fún mi ní àwọn ike tí ọmọrí wọn ti sán. Ẹnu mi ni mo fi ń rà á. Mo sín ọ̀gá ilé ìwé wa jẹ fún un, tòun ti bó ṣe máa ń fa ṣòkòtò sókè kó tó bínú. Mo sín àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ — èyí tó ń pọ́n ọwọ́ lá kó tó sanwó, èyí tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ kan lo máa sín òkú jẹ, òkú á sì dá ọ lóhùn!"

Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó bo ẹnu. Ó kó ike mẹ́ta fún mi — ṣokoléètì, àgbọn, kọfí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú.

Mi ò bínú. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tòótọ́. Mo kàn ń bá a di oyè mú ni.

Òun ló dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀. Òun ló ṣòfin ṣíbí. Àárín gbùngbùn ike ló ti máa ń bù, á gbẹ́ kànga síbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan etí. Èmi, etí ni mo ti ń bù, wàrà-wàrà, bí olè. Bó bá dájọ́ lówùúrọ̀, tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, ṣíbí lè ti yí padà. Mo ní, ta ló yí i? Á mú ohùn ki bíi ti adájọ́: "Ìgbìmọ̀ Àgbà." Ta ni Ìgbìmọ̀ Àgbà? "Àṣírí ìjọba." Mo mọ̀ pé òun náà ni. Ó kàn ń fi mí ṣeré.

Òjò ló pa á. Rárá — ọ̀nà tó ń yọ̀ lójò ni. Òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, Bàbá kì í jẹun kánú, kì í sọ̀rọ̀. Á jí lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé búrẹ́dì, á dé lọ́sàn-án, á jókòó, á máa wo ògiri. Màámi ní, "Mo fẹ́ ọkọ, ó ti di àga mọ́ mi lọ́wọ́." Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́.

Ṣokoléètì lónìí. Mo gbẹ́ kànga bíi ti Ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí náà ṣíbí lanu sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ṣíbí ti dojú dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Màámi kọ́ ló yí i. Mo bi í léèrè, ó ní eyín ń dun òun, ta ló ń jẹ yìnyín. "Ta sì ni nǹkan dídùn ń wù nínú ilé yìí?" Bàbá ńkọ́? Bàbá, tí kò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ níyọ̀!

Mo gbé ti àgbọn jáde kí n tó lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n kórìíra àgbọn — ó ní bí ìgbà téèyàn ń jẹ ọṣẹ. Kànga. Mo dojú ṣíbí dé. Mo dé lọ́sàn-án, mi ò tíì bọ́ bàtà, mo ṣí fírísà.

Ṣíbí lanu sókè.

Orí mi wú. Ẹni méjì ló mọ òfin yìí láyé. Ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò ṣí fírísà. Ó ń kùn ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ pọnmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo ṣí i lónìí.

Kọfí. Kànga. Mo dojú ṣíbí dé. Mi ò lọ sílé ìwé — mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bó bá jẹ́ òkú, kí n rí i.

Bàbá ló wọlé. Ìyẹ̀fun ṣì wà lára irun apá rẹ̀. Ó ṣí fírísà, ó gbé ike, ó wo kànga náà títí. Ó bu díẹ̀ — létí, bíi tèmi. Ó lá a. Ó mi orí.

"O ṣìdájọ́ lónìí o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kọfí yìí dáa."

Ó yí ṣíbí padà.

Bàbá ni Ìgbìmọ̀ Àgbà! Látọjọ́ yìí. Òun àti Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jọ ń ṣe é, wọn ò sọ fún mi. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Àfi bó ṣe tẹ orí sínú òtútù yẹn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀:

"Ọmọ mi. Ṣé òtútù ò pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn?"

Kànga tèmi ló rí. Ó rò pé Ẹ̀gbọ́n ló ń gbẹ́ ẹ.

Ohùn Ẹ̀gbọ́n jáde lẹ́nu mi. Mi ò rán an níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré — "Bàbá."

Kò wẹ̀yìn. Ó rọra pa fírísà dé, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Bàbá jẹun. Ó tún ní kí wọ́n bù sí i. Ó ń kọrin nínú balùwẹ̀! Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. "Kí lẹ fún ọkọ mi jẹ? Ẹ máa fún un lọ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tutù bí ìsàlẹ̀ ike.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Bàbá fúnra rẹ̀ ra áísìkiriímù sitirọ́bẹ́rì. Kò fún ẹnì kankan. Ó gbé e sínú fírísà, ó fi ṣíbí tì í, ó lọ jókòó. Ó ń retí kànga.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbẹ́ ẹ. Mo tún padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwàdà tí èèyàn ò mọ bó ṣe máa parí rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn lọ sílé ìwé.

Bàbá fa àpótí ìjókòó sídìí fírísà. Ó ṣí i sílẹ̀.

"Èmi ni mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì sílé. Ó yẹ kí n fẹsẹ̀ mi padà wá mú un. Òjò ń rọ̀, mo ní kí o gbé e wá fún mi. Ṣé o bínú sí mi?"

Ó ń dúró de èsì.

Ohùn náà ti wà lọ́fun mi. "Rárá o, Bàbá." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá fún un, á sùn dáadáa títí ayé. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n mo lè sín ohùn Ẹ̀gbọ́n jẹ. Mi ò lè bá a dárí ji èèyàn.

Mo jáde. Ohùn tèmi ni mo lò, èyí tó ń ya bí aṣọ gbígbó. "Bàbá, èmi ni."

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá ẹlòmíì ṣì ń bọ̀.

"Ìwọ lò ń gbẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Tọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Ohùn yẹn?"

"Èmi náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Kò gbá mi. Ì bá sàn kó gbá mi. Ó jókòó, fírísà ń mí èéfín sí i lẹ́sẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ó wá pè mí, "Ayékòótọ́." Orúkọ tó sọ mí ní kékeré, torí ẹnu mi. Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Kò sẹ́ni tí o ò lè sín jẹ. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí lẹ́nu tìẹ?"

Ó na ṣíbí sí mi. Mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Fánílà ọjọ́sí ṣì kù. Èmi àti Bàbá, ṣíbí méjì. Mo bù ú létí. Mo pa ojú dé, mo jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n mi, láìsí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kò dùn. Bí omi tí wọ́n fi ṣan ife mílíìkì ló rí. Mo dojú ṣíbí dé, mo ń retí kí Ìgbìmọ̀ Àgbà yí i.

Kò yí i. Ó fi tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó jẹ́ kó lanu sókè. Kànga yẹn wà láàárín ike. A ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló kọ gbogbo èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú. Èmi Ayékòótọ́, àbúrò rẹ̀, ni mo kọ ọ́. Mi ò fẹ́ràn fánílà.