Òwú Oníkókó Méjì

                                                            Ilé Kejìlá,
                                                            Òpópónà Ẹ̀yìn Sẹkitéríàtì,
                                                            Alágbàká,
                                                            Àkúrẹ́.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 1995.

Ìyá Ìrètí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń tù wọ́n díẹ̀? Ìrètíolúwa ọmọ mi ńkọ́? Bàbá Ìrètí ńkọ́, ṣé ẹ ti gbúròó wọn láti Gàbọ́ọ̀nù? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jẹ́ kí o gbádùn? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà tí a ń fi ìgbàgbọ́ ṣe láìrí owó oṣù kì í ṣe kékeré. Olúwa yóò bá wa ṣí ọ̀nà.

Ní tiwa níbí, ọpẹ́ ló yẹ wá. A ń jẹ, a ò yó tán, a ò sì fi ebi sùn. Bàbá Adélaní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di onílé ní ilé epo, torí ibẹ̀ ló ń jí sí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Adélaní fúnra rẹ̀ ń ga, gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ló ti ń sá fún kókósẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n wá mú Ìrètí lọ sí ọgbà ìṣeré ní Ìbàdàn, pé ìwọ ò lọ mọ́. O ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti wà ní ìdálẹ̀ láti ọdún méjì, tí ìjọba sì jẹ ní owó oṣù, kí ló fẹ́ wá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a, mo fi sábẹ́ Bíbélì. Inú mi ò dùn rárá. N ò fèsì lójú ẹsẹ̀ torí mo mọ ara mi, bí mo bá fi ìbínú mú kálámù, ìkọkúkọ ni màá kọ. Ìbídùnní, ṣé ìwọ náà nìyí? Ìwọ tí a ń pè ní Agogo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà, torí bí o bá rẹ́rìn-ín ní ilé ìjẹun, àwọn tó wà ní ilé ìsùn á mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀. N ò rántí ọjọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Ó ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wá ju ti ìbínú lọ báyìí, fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ.

Ètò ọkọ̀ ti parí. Àbúrò mi Oyèlékè, tó ń wa ọkọ̀ fún àwọn oníkòkó, yóò kó ẹrù gba ọ̀dọ̀ yín ní Oǹdó lọ sí Ìbàdàn ní Sátidé kìíní oṣù tó ń bọ̀. O mọ̀ pé nínú ọ̀wọ́n epo yìí, ọkọ̀ ẹlòmíràn lè dúró, ti oníkòkó kì í dúró lásìkò yìí. Iwájú ọkọ̀ gbà wá bí a bá fún ara wa pọ̀. Òórùn kòkó á wà lára aṣọ wa títí Sátidé á fi parí, ìyẹn ò burú.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì rán mi lọ sí Ìbàdàn pé kí n lọ gba àwọn fáìlì kan wá. Mo tètè parí. Dípò kí n jókòó sí gáréèjì kí n máa jẹ gúgúrú, mo ní kí n lọ fi ojú ara mi rí ọgbà náà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Irin ni wọ́n tò lọ sókè bí ojú irin rélùwéè, ó pọ́nkè títí ó fi ga ju igi àgbálùmọ̀ lọ, ó já ṣòòròṣò, ó yí po, ó tún pọ́nkè. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ra ló ń sá lórí rẹ̀. Rólà kósítà ni àwọn olóyìnbó ń pè é, Gòkè-Sọ̀kalẹ̀ ni Adélaní sọ ọ́ ní tirẹ̀. Wọ́n máa ń ti ọgbà náà pa tí òjò bá ti wọlé, nítorí náà kò sí èrò níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fi gírísì pa irin. Wọ́n kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi dán an wò. Bó ṣe já láti òkè, mo di géètì mú.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, Bàbá Májẹ́kódùnmí ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣàánú mi, wọ́n ní kí n wọlé wá wò ó. Wọ́n ní Sátidé kìíní yẹn gan-an làwọn máa ṣí, ẹni tó bá sì gbọ́n, ìgbà yẹn ni kó wá. Tó bá di Kérésì, èèyàn á tò látàárọ̀ kó tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, o lè gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni má wò ọ́. Wọ́n ní ká má jẹun yó kí á tó gùn ún, ká sì mú agbòjò dání, torí àrọ̀kúrò òjò kì í sọ tẹ́lẹ̀, bó bá sì ti kán pẹ́nrẹ́n wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀yìn fáìlì ìjọba ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí.

Mo ti ń dágbére kí n tó rí pátákó kan tí wọ́n fa ìlà pupa sí lára. Mo bi Bàbá léèrè. Wọ́n ní, "Ìyá, ọmọ tí orí ẹ̀ ò bá kan ìlà yẹn, kò lè gùn ún o."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn ọmọ tiwa ti yege, èmi fúnra mi ni mo dán wọn wò. Wọ́n ní báwo? Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí gèlè kọjá, mo fi di etí òsì mú, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá olóbàbá. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyá, irin ò mọ etí."

Wọ́n wá fi irin kan hàn mí tó máa ń dé lé èèyàn lórí itan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọmọ tí kò bá ga tó ìlà, abẹ́ irin náà ló máa yọ́ gbà bọ́ sílẹ̀.

O rántí pé Ìrètí wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa lóṣù Kẹjọ. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ló ti sọ fún mi pé wọ́n máa ń wò ó bóyá ọmọ ti tó kí wọ́n tó jẹ́ kó gùn ún. Kí lèmi mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Mo to àwọn méjèèjì sí pálọ̀, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ gba orí kan etí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ló fẹ́ dá ọwọ́ rẹ̀ dúró? Mo pàtẹ́wọ́, mo kéde pé wọ́n ti yege. Ìrètí fò mọ́ mi lọ́rùn. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, ọ̀rẹ́ mi.

O mọ ìdí tí èyí fi dùn mí. Ọdún tí Ìrètí fẹ́ wọ Píráímárì Kìíní, ìwọ lo jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ọmọ wọlé. Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan etí, tirẹ̀ ò kàn án. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ rò pé wàá gbójú fò ó, ṣebí ọmọ tìẹ ni. O dá a padà. O ní, "Lọ máa jẹun dáadáa, ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà." O sọ fún mi nígbà náà pé kò sunkún, ó kàn ń gbé ọwọ́ gba orí lójoojúmọ́ títí ọdún fi yí po. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn, pé kí wọ́n tún wá dá ọmọ yìí padà níwájú èrò, kó sì jẹ́ èmi ni mo mú un débẹ̀.

Mo tú gèlè mi, mo fi wọn pátákó náà láti ilẹ̀ dé ìlà, mo ta kókó sí i, mo sì fi irun ṣíṣí wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ ti fi èédú sàmì sára ilẹ̀kùn kíṣìnì wa lóṣù Kẹjọ láti fi mọ bí wọ́n ṣe ga tó, mo sì bú wọn nígbà náà pé wọ́n ba ọ̀dà jẹ́. Mo gbé gèlè lé ilẹ̀kùn. Èédú Adélaní fi díẹ̀ kọjá kókó. Ti Ìrètí ò dé ibẹ̀. Ìka mẹ́ta ló kù, mo fi ìka mi wọ̀n ọ́n.

N ò ní purọ́ fún ọ, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń gbèrò èrú. Mo ní ká di ṣùkú gogoro sí i lórí. Mo lọ sí Ọjà Ọba lọ wo bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn. Mo ti di ọ̀kan mú kí n tó rántí irin orí itan, mo dá bàtà padà fún oníbàtà. Mo tún jókòó kọ̀wé sí ọ pé ọgbà ò ní ṣí mọ́ lọ́dún yìí. Mo ya ìwé náà.

N ò mọ̀ pé Adélaní ti rí gèlè tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti rí mi nígbà tí mo gbé e lé àmì èédú wọn, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó wọn òwú ìránṣọ lé gèlè náà, ó ta kókó sí ibi tí ìlà dé, ó ká a sínú páálí ìṣáná, ó ní kí Oyèlékè bá òun fún Ìrètí ní Oǹdó, kó sì sọ fún un pé ibi kókó náà ni orí gbọ́dọ̀ dé. Lánàá ni Oyèlékè yà sí ọ́fíìsì wa, ó gbé páálí náà sórí tábìlì mi. Ó ní, "Àǹtí mi, Ìrètí ní ẹ̀yin ni kí n fún o, kì í ṣe Adélaní."

Kókó méjì ló ti wà lára òwú náà. Ìwé pélébé kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ọmọ rẹ kọ nìyí, n ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀:

"Àǹtí Moní, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti fi òwú wọn ara mi. Kókó tó wà nísàlẹ̀ ni orí mi dé. Ẹ má na Adélaní. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún màmá mi jẹ́jẹ́, torí bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi wọ́n á rò pé mo fẹ́ sunkún. Ẹ ní kí wọ́n bá mi gùn ún. Èmi á dúró nísàlẹ̀, màá máa gbọ́ ohùn wọn. Wọn kì í pariwo nílé mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà."

Mo gbé fáìlì bojú, Ìbídùnní. Ọ̀gá mi rò pé mò ń kàwé.

Mo ti sọ fún ọ báyìí, mo sì gbìyànjú kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìrìn-àjò wa ò yí padà, àwọn tó máa gùn ún ló yí. Èmi àti ìwọ ni. Adélaní ní òun ò ní bá wa gun ti àkọ́kọ́, òun á dúró ti Ìrètí kó má baà dá dúró nísàlẹ̀, tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì òun á gùn ún. Àwọn ni wọ́n á bá wa mú báàgì. Owó ìwọlé ti wà lọ́wọ́ mi, má fi ìyẹn ṣe àwíjàre. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, pariwo. Ohun tí ọmọ náà ń retí gan-an nìyẹn.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sọ fún wọn pé òróró tí wọ́n fi ń para ń bọ̀ lọ́wọ́ Oyèlékè. Kí Mary alábàágbé rẹ, kí o sì kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ tí ara wọn ṣì gbà á. Bàbá Adélaní ní kí n kí ọ, wọ́n ní bí a bá gúnlẹ̀ láyọ̀, a ò gbọdọ̀ gbé ariwo yẹn wálé.

Mo fi òwú náà sínú lẹ́tà yìí. Fi kọ́ ara ilẹ̀kùn rẹ, má tú kókó kankan níbẹ̀. Mo ti gbé ara mi lé e, mo kọjá. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lo ti ga jù mí lọ, nítorí náà, Agogo, má wá sọ fún mi pé o ò tó. Agogo márùn-ún ìdájí Sátidé, kí n bá ọ ní ìta.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ máa ń yá jù,

Monílọ́lá.