Ìkòkò Aró Kì í Ṣọ̀fọ̀

Èmi, Miyoshi Kinue, opó Miyoshi Seiji, aláró ní etí odò Yoshino, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ara mi ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi pé, kò sì sí ẹni tó tì mí ṣe é. Tadokoro Yasuo, aládùúgbò mi tó ń gbin èso kákì, ni yóò mú ìhágún yìí ṣẹ.

1. Ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ di ti Motoharu, ọmọ mi ọkùnrin. Òun ló tọ́jú mi nígbà tí orúnkún mi kọ̀ṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, àfi orí kunkun.

2. Gbogbo bébà àwòrán, èyí tí a fi omi kákì kùn, tí a dá ihò sí kí a lè gba ojú wọn lẹ ẹ̀kọ mọ́ aṣọ, di ti Chisato, ọmọ mi obìnrin. Ó lè gé wọn, ó lè sọ wọ́n di ńlá, ó lè tẹ̀ wọ́n sára báàgì àti bàtà.

Mo mọ̀ pé èyí yóò dun Motoharu. Yàrá aró ni òun àti Chisato ti jà lórí rẹ̀. Motoharu ní, “Àwòrán lékeléke tí bàbá wa ṣe lo fẹ́ kí wọ́n máa wọ̀ sẹ́sẹ̀? O ò tiẹ̀ nítìjú!” Chisato ní, “Bùrọ̀dá, ta ló ń wọ kimónò lọ síbi iṣẹ́ mọ́? Ṣé inú àpótí lẹ fẹ́ kó kú sí ni?” Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, ṣùgbọ́n Chisato kò wọ ilé yìí mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí Motoharu gbọ́: ara àwòrán tí bàbá tó bí Seiji ṣe ni Seiji ti gé lékeléke yẹn yọ. Bàbá náà sunkún, ó sì bú u dáadáa.

3. Ọ̀já pupa mi di ti Fumie, àbúrò mi, tó ti ń wò ó láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Kó gbà á, kó jẹ́ kí n sinmi. Ológbò di ti Tadokoro. Ibẹ̀ ló kúkú ti ń jẹun.

4. Ìkòkò aró tí a rì mọ́lẹ̀ kò ṣeé hú, nítorí náà àwọn ọmọ mi méjèèjì ló ni ín. Kí aró má bàa kú, ẹ máa fún un ní ọtí ìrẹsì àti èérí àlìkámà, kí ẹ sì máa fi ọ̀pá rò ó pọ̀ láràárọ̀.

5. Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í fọwọ́ kan aró. Nígbà tí Seiji kú, a pa àṣà náà mọ́, aró sì bàjẹ́, ó ń rùn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mo sunkún rẹ̀, mo tún sunkún aró rẹ̀. Mo fagi lé àṣà náà lónìí.

Lọ́jọ́ tí mo bá kú, àkọ́bí ni yóò jókòó ti òkú mi, kò sì gbọdọ̀ kúrò. Chisato ni yóò wá ro aró. Motoharu, ìwọ fúnra rẹ ni kí o ṣílẹ̀kùn fún àbúrò rẹ, má rán ẹnikẹ́ni. Ṣe é kí o tó wá jókòó tì mí. Èmi lè dúró. Aró kò lè dúró.

Mo fi èdìdì mi tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, ọdún 2019.

Miyoshi Kinue

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Bando Toshiko, àgbẹ̀ ẹlú
Nii Kazuma, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì