Èèrà Pupa Orí Ọ̀pẹ Yín

Bàbá mi, akọ̀pẹ tí mi ò ní irú rẹ̀ mọ́,

Ọ̀pẹ oko yín ti tún tutù. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ìyókù ọ̀rọ̀ mi kò dùn ún sọ.

Lọ́dún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, kò tíì pẹ́ tí a sin yín, ni imọ̀ ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ẹni pé iná jó o lára. Kòkòrò kéékèèké ló ń yé sínú ewé, tí àwọn ọmọ wọn ń jẹ ẹ́ láti inú. Ìdì ẹyìn wá kéré títí ó fi dà bí ìkúùkù ọmọdé. Délé, àbúrò mi, ló ń fi igbà yín gun ọ̀pẹ nígbà náà, ojú rẹ̀ kì í sì í dára tó bá ti sọ̀kalẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Adó wá sí Ìyìn ló là wá lóye pé èèrà pupa, àwọn tó ń fi ewé rán ilé sórí igi obì, máa ń pa kòkòrò yìí jẹ. Bàbá, èèrà yẹn náà ni o! Èyí tí ẹ máa ń fi ògùṣọ̀ jó kí ẹ tó gun igi, tí ẹ máa ń bú bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan yín. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń bọ́ bùbá yín gbọn lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá wa á máa fi yín rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀yin á sì fajú ro. Ọ̀tá yín ni mo lọ gbé wá.

Èmi ni mo gé ilé wọn tẹ̀ka-tẹ̀ka lórí igi obì, tí mo kì í sínú àpò ìdọ̀họ, tí mo so ó mọ́ ara ọ̀pẹ. Mo ta ìtàkùn láti ọ̀pẹ dé ọ̀pẹ kí wọ́n lè máa rìn kọjá. Wọ́n jẹ mí, ọwọ́ mi wú. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ewé tuntun ti yọ, wọ́n ń dán. Mo jó nínú oko níbẹ̀, èmi nìkan. Ṣé ẹ rí mi?

Mi ò ro ti Délé. Ó gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ kan, èèrà bò ó lọ́rùn, wọ́n wọ̀ ọ́ lójú. Ó jọ̀wọ́ igbà lókè níbẹ̀, imọ̀ kan ló gbá mú tí kò fi já wálẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó bẹ̀ mí kí n jó èèrà náà, mo kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ọ̀pẹ yín bá tún gbẹ, á dà bí ìgbà tí ẹ tún kú lójú mi. Ó gbé igbà yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó kọjá sí Adó, ibẹ̀ ló ti ń di ẹrù sí lọ́rì báyìí.

Kò sí akọ̀pẹ kan ní Ìyìn tó fẹ́ gun ọ̀pẹ wa mọ́. Ẹyìn ń pọ́n, ó ń já fúnra rẹ̀, ẹyẹ ń jẹ, èmi náà ń ṣà á lábẹ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe, Bàbá? Ṣé ọ̀pẹ ni ẹ ì bá mú ni, àbí ọmọ yín?

Délé wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò bínú mọ́, ó tiẹ̀ ra nǹkan bọ̀: ìgò epo pupa kan láti ọjà Adó. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀, kò tiẹ̀ rò ó pé ilé akọ̀pẹ ni òun gbé epo rírà wọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi se ọbẹ̀, a jẹun. Ìgbà tó lọ tán ni mo jókòó sídìí ààrò, tí mo sunkún.

Ẹ má bínú sí mi, Bàbá.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń jẹ epo ọjà.