Ọgọ́ta Awò Ojú Tí Bàbá Lẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Má-fọwọ́-kàn-án pè mí — ọ̀gá wa níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ wo inú bátìrì. Ó ní tí àwọn ará ìlú ò bá dúró nídìí àwòrán mi ní Àbámẹ́ta tí a máa ṣílẹ̀kùn fún wọn, yàrá àwòrán mi á di ibi ìkẹ́rùsí. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta! Inú bí mi. Mo ní ó dáa, sà.

Ọjọ́rú, 6
Àwòrán parí. Inú bátìrì fóònù, ibi tí kò tó hóró iyọ̀ kan, mo fẹ̀ ẹ́ tó ògiri. Àfi awò ojú onípáálí — pupa lójú òsì, búlúù lójú ọ̀tún — lèèyàn fi máa rí bí àwọn ihò tí iná ń gbà ṣe jìn tó.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọgọ́fà awò ló yẹ kí n lẹ̀. Bàbá mi, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́ ìsinmi, gba ìdajì. Ó gbé ọ̀kan sójú, ó wo àwòrán kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, ó yí awò náà padà, ó tún wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ parí. Ó ní ọ̀mọ̀wé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń falẹ̀ bí ìgbín.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo kó ọgọ́fà awò náà sínú àpò. Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Awakọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkọ ní ihò lòun rí. Ìyàwó ní òkìtì ni, àbí ojú ọkọ òun ti ń lọ ni? Àwọn tó wà lẹ́yìn pín sí méjì. Mo gba awò ìyàwó wò — pupa wà lọ́tùn-ún. Gbogbo ọgọ́ta ti Bàbá ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jìn ti di ohun tó yọ. Má-fọwọ́-kàn-án sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò lọ. Wọ́n ń pààrọ̀ awò, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ní kí n wá dá ẹjọ́. Mo ní ihò ni. Ìyàwó awakọ̀ bi mí pé, "Tí ihò yẹn bá wá dí ńkọ́?" Mo ní bátìrì á kú nìyẹn. Ó ní ohun tó ṣe fóònù òun gan-an nìyẹn, ló bá fa àga, ó jókòó. Ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 11
Yàrá mi ò lọ mọ́. Má-fọwọ́-kàn-án fẹ́ igba awò sí i, kí ìdajì yí padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Wàhálà wá dé: báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Bàbá, ẹni tí kò gbà rí pé òun ṣi aṣọ gé, pé kó tún ṣe irú àṣìṣe tó ṣe níjọ́sí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Láti ibi iṣẹ́ dé ilé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Mo gbé páálí kalẹ̀ níwájú Bàbá. Ó fa gọ́ọ̀mù sọ́dọ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìdajì pupa lọ́tùn-ún bíi ti ìjọ́sí, àbí o fẹ́ kí gbogbo wọn rí nǹkan kan náà, kí wọ́n sì máa lọ?"