Agbálùmọ̀ Tí Ó Ta Wáìnì Madam Naa

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ, ẹ kú ooru tí a gbọ́ pé ó mú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo wà tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Gbénga, àbúrò yín, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Mo kí Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, àti àwọn ìbejì wọn.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹ ní kí Àǹtí Fúnkẹ́ bu omi tútù dání. Ọkàn mi wúwo bí mo ti ń túfọ̀ fún yín pé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ rán fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ wá sí Accra ti di olóògbé. Ọ̀sán Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀, ní ilé ìtajà ńlá kan ní ìtòsí oríta tí wọ́n ń pè ní Circle, lójú gbogbo ènìyàn. A sa gbogbo ipá wa. A fi iyọ̀ sí i, a fi ọṣẹ dúdú sí i, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ò bóró mọ́. Ó fi kọ́là tí ó ṣì le koko àti gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀ sáyé lọ. Bí ó ṣe kú ni mo fẹ́ sọ, nítorí kò kú lásán.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí mo fi tẹ ìwé yìí jáde fún gbogbo ayé, ẹ sọ fún un pé lẹ́tà tí mo bá fi ránṣẹ́ sílé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń já a, ojúde ni wọ́n ti máa ń kà á, ìyàwó ilé kejì a sì ti mọ ìparí rẹ̀ kí ẹ tó rí gíláàsì ojú yín. Mo kàn dín wàhálà wọn kù ni.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Madam Naa, ọmọ ẹ̀yà Gã tí ó ni Accra, ni ọ̀gá mi. Wọ́n ń kó wáìnì wọlé láti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ilé ìtajà. Nítorí pé ìpolówó ọjà ni mo kà ní póli, wọ́n fi mí jẹ oyè Aláṣẹ Ìtajà. Iṣẹ́ aláṣẹ ni kí ó dúró lẹ́yìn tábìlì kékeré nínú ilé ìtajà ẹlòmíràn, kí ó máa bẹ ẹni tí ó wá ra ọṣẹ pé kó jọ̀wọ́ tọ́ wáìnì wò. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn Kérésì, ẹ ní ẹ kò ní gbàdúrà fún ọtí láyé, ọmọ tí ó ń tà á ni ẹ ó máa gbàdúrà fún, Ọlọ́run yóò mọ bí yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ṣe àmín. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ ńlá ni ẹ gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Nígbà tí sídì, owó Gánà, ṣì lágbára ni Madam Naa ti bèèrè fún kọ̀ǹtéénà wáìnì pupa kan, irú èyí tí kò ní ṣúgà rárá. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté Tema, sídì ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Náírà náà ti dùbúlẹ̀ tì í, kí ó má baà dá nìkan wà. Ìdí nìyẹn tí owó tí mo ń fi ránṣẹ́ fi máa ń dé ọ̀dọ̀ yín bí ẹni tí ó ti rìn wá. Ọjà wá kùtà. Ẹni tí ó bá ń ro ó bóyá ìrẹsì ni òun yóò rà tàbí epo, wáìnì kò ní àga nínú ìpàdé yẹn. Madam Naa sọ fún gbogbo wa pé bí wáìnì náà bá ṣì wà nílé ìkẹ́rù títí di Ọdún Àjíǹde, àwọn yóò ti ilé-iṣẹ́ pa, àwọn yóò lọ máa ta omi inú ọ̀rá, nítorí omi kò nílò àlàyé.

Ẹ̀yin náà kò jókòó lásán. Ẹ ti bá Bọ̀ọ̀dá Gbénga sọ ọ́ pé bí ilé-iṣẹ́ bá tì, kí n máa bọ̀ nílé wá kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní A, B, D. Àǹtí Fúnkẹ́ ta mí lólobó pé ẹ tilẹ̀ ti ra ṣòkòtò aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn tíṣà ibẹ̀ ń wọ̀. Màámi, mo fẹ́ràn ọmọdé, pàápàá láti òkèèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ṣòkòtò yẹn lójú àlá, tí ó ń rìn bọ̀ láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

A gbìyànjú oríṣiríṣi. A kọ́kọ́ ń fi irin tí wọ́n fi ń fa ìdérí ìgò ta ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rẹ. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dáadáa. Irin tán, ìgò kò kúrò nílẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ní Accra ló ní irin tí kò rí ìdérí fà.

Ìwé tí àwọn tí ó ṣe wáìnì náà fi ránṣẹ́ sọ pé ó ní òórùn awọ, òórùn tábà, àti ti igi tí òjò pa. Mo kà á sókè fún ọkùnrin kan tí ó gbé ìrẹsì lápá. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní òun ní bàtà nílé, bàbá òun a máa fa tábà, òrùlé òun sì ń jò, nítorí náà gbogbo òórùn yìí ni òun ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyẹn kò tíì burú tó ọ̀rọ̀ abọ́ ìtutọ́. Níbi tí Madam Naa ti lọ kọ́ nípa wáìnì, wọ́n máa ń tọ́ ọ wò ni, wọn a sì tu ú dànù. Wọ́n bá ra abọ́ kan tí ó ń dán, wọ́n gbé e sórí tábìlì mi. Mo wá sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé kí wọ́n mu ún, kí wọ́n tu ú. Bàbá bi mí pé ta ni ó tọ́ mi. Mo ní ẹ̀yin ìyá mi ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín, pé ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ kò parí iṣẹ́.

Ọyẹ́ wá dé, ètè gbogbo wa là. Màámi, ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń le fún mi jù. Orin tí a máa ń kọ nílé ni ìjọ tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé mi ń kọ, ohùn kan náà, ṣùgbọ́n èdè Twi ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Mo máa ń bá wọn kọ ọ́ ní Yorùbá láti orí ibùsùn, à á sì jọ parí rẹ̀ láì mọ ara wa. Ẹni tí ó ń bá mi ṣe ìyá níhìn-ín ni onílé mi ní Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra níbí, Ìyá Ràfá. Ọ̀fà ni àwọn òbí wọn ti wá, Accra ni wọ́n bí wọn sí. Mùsùlùmí ni wọ́n, wáìnì kò gbọdọ̀ wọ ilé wọn, àní lára aṣọ pàápàá. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń kó agbálùmọ̀, tí wọ́n ń pè ní alásà níhìn-ín, sínú ọ̀rá fún mi. Wọ́n á sọ ọ́ ní Twi pé fa kɔ, kí n mú un lọ, pé Alata, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín, tí ebi bá ń pa kò lè ta nǹkan kan.

Ní Sátidé tí mo ń wí yìí, ìyá kan yà síbi tábìlì mi. Aṣọ dúdú òun pupa ni wọ́n wọ̀, ìpàdé ètò ìsìnkú ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni ó kú, ẹbí sì ní kí wọ́n wá ohun mímu tí kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ìwọ̀nba owó tí ó wà. Mo bu wáìnì fún wọn. Wọ́n gbé e sẹ́nu, ojú wọn yí padà, wọ́n tu ú. Abọ́ ìtutọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń dán. Ṣùgbọ́n àyà mi ló sún mọ́ wọn jù.

Báyìí ni ṣẹ́ẹ̀tì yín ṣe lọ.

Ìyá náà ń ní kosɛ, kosɛ, kí n má bínú, wọ́n ń fi etí aṣọ wọn nù mí, wọ́n sì ń tẹ àbàwọ́n náà wọlé sí i. Wọ́n bi mí bóyá ẹni tí ó ṣe nǹkan yìí ń bá Gánà jà ni. Kí kíkan náà lè kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n na ọwọ́ sínú ọ̀rá mi, wọ́n mú alásà kan láì tọrọ, bí ìyá ṣe ń ṣe. Wọ́n mu ún tán, wọ́n lá ìka. Nítorí pé kò sẹ́ni tí ń da ohun ọ̀fẹ́ nù nírú àkókò yìí, wọ́n gbé ìyókù wáìnì náà mì.

Wọ́n wo kọ́ọ̀bù, wọ́n wò mí. Wọ́n ní ìgbà wo ni mo pààrọ̀ rẹ̀ tí ó fi dùn báyìí. Mo búra pé n kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n tún bu òmíràn, àwọn yóò máa wo ọwọ́ mi.

Màámi, ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Tí àkókò agbálùmọ̀ bá dé, tí ẹ bá pàtẹ sí iwájú ilé wa, èyí tí ó kan jù ni ẹ máa ń fún oníbàárà tọ́ wò, ẹ ó wá fún un ní èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan, òun yóò sì búra pé oyin ni. Ẹ ní ahọ́n tí ó ti jìyà ni ó mọ ìtọ́jú. Ìyá náà ra páálí wáìnì fún ìsìnkú, mo sì ní kí wọ́n fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní alásà kan kí wọ́n tó bu wáìnì fún un.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú náà ni ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n gbé alásà káàkiri nínú àwo. Àwọn àna rò pé àṣà ẹbí olóògbé ni. Ẹbí tí kò sí nípàdé rò pé àṣà àwọn àna ni. Kò sẹ́ni tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìmọ̀kan, gbogbo wọn bá mu alásà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n mu wáìnì lé e, wọ́n sì yìn ín. Àwọn àlejò gbé e lọ sí ìsìnkú tiwọn. Láìpẹ́, àgbàlagbà kan ti ń ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tábìlì mi pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ẹ̀kọ́ náà, mo ta páálí kan fún wọn.

Ọ̀wọ́n gógó lè dá ìgbéyàwó dúró, kò lè dá ìsìnkú dúró ní Gánà. Ìyá Ràfá ni ó ń kó alásà fún ilé-iṣẹ́ wa báyìí. Mo bi wọ́n bóyá ọkàn wọn balẹ̀ sí i. Wọ́n ní èso ni àwọn ń tà, ohun tí ènìyàn bá mu lé e, àárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni ó wà. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ó mọ bí a ti ń yà á sọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ kò tíì wọlé tí ilé ìkẹ́rù fi ṣófo. Madam Naa jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, wọ́n sì tún bèèrè fún kọ̀ǹtéénà mìíràn lójú ẹsẹ̀, wáìnì kan náà, èyí tí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún mi. Àwọ̀ wáìnì ni, kí ìjàm̀bá má baà ní ibi tí yóò hàn sí mọ́. Nítorí náà, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Gbénga. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti fìdí mi múlẹ̀ ní Accra, kí wọ́n fi ṣòkòtò náà ta ẹni tí ó yẹ lọ́rẹ.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màámi. Ẹnu yín kò ní kan, ọjà yín kò ní kùtà, ẹ ó jẹ èrè gbogbo ọgbọ́n tí ẹ kọ́ wa láì mọ̀. Ẹ bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra, ẹ kí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kí ìyàwó ilé kejì, tí yóò ti ka ibí yìí kí ẹ tó dé e.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ tọ́, tí ó kù díẹ̀ kí ẹ parí,
Káyọ̀dé.

ÌKÉDE LÁTI ILÉ-IṢẸ́, OṢÙ KAN LẸ́YÌN ÈYÍ
A ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún gbogbo oníbàárà wa pé kọ̀ǹtéénà tuntun ti gúnlẹ̀ sí Tema láyọ̀. A tún ń sọ fún wọn pé àkókò alásà ti parí, kò sì sí ọ̀kan mọ́ ní gbogbo ọjà Accra. Láti òní lọ, wáìnì wa yóò máa kan bí ó ti yẹ kí ó kan. Ọjà tí a bá ti tà kò ṣe é dá padà. Ẹnikẹ́ni tí ṣòkòtò aláwọ̀ ilẹ̀ kan bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó jọ̀wọ́ má tíì fi tọrẹ.
Aláṣẹ Ìtajà ni ó buwọ́ lù ú.