Ìwé Tí Ilé Ẹjọ́ Kọ sí Yín

Bàbá mi,

Mi ò ní kí yín dáadáa lónìí. Ẹ jẹ́ kí n bínú ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti lọ, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Ẹkún nìkan ni mo máa ń sun. Ṣùgbọ́n ohun tí Káyọ̀dé, àbíkẹ́yìn yín, ṣe fún mi kọjá ẹkún, ẹ̀yin sì ni mo rí bá wí.

Láti ìgbà tó ti kó lọ sí Hamburg, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan létí èbúté, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè mí bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á béèrè ohun tí mo sè, á wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ mi kò láta mọ́, pé mo ti di ará Jámánì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kò pè. Mo pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Lọ́jọ́ Ajé, bákan náà. Mo pe ọsibítù mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg.

Bíọ́dún tí wọ́n jọ ń gbé ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò lè wò mí lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá ti mú un láti ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n fi mú un lọ."

"Ìwọ náà wá dákẹ́? O ní nọ́ńbà mi!"

"Òun ló ní kí n má sọ fún yín."

Ṣé ẹ gbọ́ yẹn, Bàbá? Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó rí sọ ni pé kí wọ́n má sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Bíọ́dún sọ bó ṣe jẹ́. Ọkùnrin kan láti ilé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ pé òun gbàgbé káàdì ìwọlé òun, kí Káyọ̀dé yá òun ní tirẹ̀. Káyọ̀dé yọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé èèyàn kì í rí ọmọ ilé ẹni lókè òkun kó kọ̀ fún un. Káàdì yẹn ni wọ́n fi wọlé lọ kó kokéènì nínú kọ̀ǹténà kan. Ọkùnrin náà sá lọ. Orúkọ ọmọ yín ló wà nínú kọ̀ǹpútà.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀. Mo kó pasipọ́ọ̀tù mi àti ìwé ìbí mi dání, mo rò pé orúkọ bàbá kan náà tí àwa méjèèjì ń jẹ́ á ṣí ilẹ̀kùn. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. "Datenschutz" ló ń tẹnu mọ́, ìyẹn òfin tó ní kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ oníkálùkù fún ẹlòmíràn. Kò lè sọ pé ó wà lọ́dọ̀ wọn, kò sì lè sọ pé kò sí. Mo ní ṣé ó wà láàyè? Ó ní òun ò lè dáhùn ìyẹn náà. Mo pariwo. Wọ́n ní kí n jáde.

Mo pe Ìyábọ̀, ọmọ àbúrò yín tó wà ní Texas. Ẹnu yà á. "Kí ló le níbẹ̀? Níbí, orúkọ lásán lo máa tẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán rẹ̀, ẹ̀sùn rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n mú un, gbogbo rẹ̀ á jáde." Mo tẹ orúkọ Káyọ̀dé títí ìka mi fi ń ro mí. Kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbí fún aráàlú. Mo mọ̀ pé bó bá wà ni, gbogbo ìjọ wa ni ì bá ti rí àwòrán rẹ̀ kí èmi tó rí i. Síbẹ̀ inú bí mi. Ṣé èmi àti gbogbo ìjọ la jọ jẹ́ ọ̀kan náà ni?

Mo padà sílé mi ní Gesundbrunnen, ní Berlin. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, mo ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó ń wọ aṣọ ìjọba. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń wá a, obìnrin ará Tọ́kì tó ń gbé inú ilé yín ní Neukölln, ní Berlin níbí, báyìí pè mí. Orúkọ yín ṣì wà lára àpótí lẹ́tà, lábẹ́ tirẹ̀. Ó ní kí n wá bó o, mo ń sọ pé n ó wá, mi ò wá. Ó ní lẹ́tà kan dé fún yín láti ilé ẹjọ́ Hamburg.

Mo sáré lọ gbà á, orí àtẹ̀gùn ilé yẹn ni mo sì ti ya á, Bàbá. "Ọ̀gbẹ́ni tí a bọ̀wọ̀ fún," ni wọ́n kọ, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní ọmọ yín ọkùnrin wà ní Untersuchungshaft, ìyẹn àtìmọ́lé ẹni tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi tó yín létí. Nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ wà lókè ìwé.

Agbẹjọ́rò tí ilé ẹjọ́ yàn fún un ló là mí lọ́yẹ̀. Bí wọ́n bá mú èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ kí ọjọ́ kejì tó parí. Bí adájọ́ bá sì ní kí wọ́n tì í mọ́lé, dandan ni kí wọ́n sọ fún ẹnì kan tó jẹ́ èèyàn rẹ̀. Wọ́n bi Káyọ̀dé pé ta ni. Ó pe orúkọ yín, ó fún wọn ní àdírẹ́sì Neukölln. Ilé ẹjọ́ tí mo ń ṣépè fún ti ṣe iṣẹ́ wọn. Òkú ni wọ́n kọ̀wé sí.

Orúkọ wa kò ṣí ilẹ̀kùn kankan, nọ́ńbà yẹn ló ṣí i. Òun ni mo fi kọ̀wé tọrọ àṣẹ ìbẹ̀wò, torí láìsí ìwé yẹn, agbẹjọ́rò nìkan ló lè wọlé lọ bá a. Ìwé àṣẹ pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún ní láti pe ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó fún mi ní ọjọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi.

Káyọ̀dé ti rù. Mo la ẹnu, mo ní, "Kí lo ṣe yìí?" Ọlọ́pàá tó jókòó tì wá gbá tábìlì: èdè Jámánì nìkan ni ká sọ, kí òun lè máa gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í dá wa lóhùn nínú ilé bí a bá sọ Jámánì! Mo fi Jámánì bú àbúrò mi. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ orúkọ yín ló rí pè nígbà tí mo wà láàyè.

"Papa kann nicht nochmal sterben," ló sọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Bàbá kò lè kú lẹ́ẹ̀kejì.



Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń ká lẹ́tà ọsibítù sí mẹ́rin, ẹ ó tì í sábẹ́ ìwé orin. Bí ẹ bá ń wúkọ́, ẹ ó pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí a fi máa mọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ẹ tún mú wa búra pé a kò ní sọ fún Màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pé ẹ̀jẹ̀ ríru á gbé e. A kò sọ. Ìgbà tó pè lọ́jọ́ ìbí yín, mo parọ́ fún un pé ẹ ń sùn. Ṣé ìtìjú náà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Àbí ẹ̀rù ló ń bà yín?

Agbẹjọ́rò rí ìwé tó fi hàn pé Káyọ̀dé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí tí wọ́n lo káàdì náà. Adájọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò, ó ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kó máa gbé lọ́dọ̀ mi, kó sì máa yọjú sí ọlọ́pàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹjọ́ kò tíì parí. Orí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀ mi ló ń sùn báyìí.

Lọ́jọ́ kejì tó dé, nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, mo gbé fóònù. Ó mọ ẹni tí mo fẹ́ pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ parí ná. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi..."

Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo fi fóònù sórí tábìlì níwájú rẹ̀ kí a lè jọ gbọ́, mo ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, àti orúkọ yín tó pè. Nígbà tó parí, a ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn ilé Màámi.

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò lè gbọ́ nǹkan?" ni Màámi wí. Mi ò gbọ́ kó fi irú ohùn yẹn sọ̀rọ̀ rí. "Ẹ fi ọkọ mi pamọ́ fún mi títí ó fi kú. Ẹ ò ní fi ọmọ mi pamọ́. Káyọ̀dé, gbé ojú sókè, kí o tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì ń bínú sí yín, mo sì fẹ́ràn yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, ní Berlin.