Àdàlú àti Irin Keje

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025

Kọmíṣánnà ti gbà! Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá kí wọ́n tó yí ọkàn padà. (Kọmíṣánnà — ìyá mi ni. Orúkọ yìí kò gbọdọ̀ jáde nínú ìwé yìí láéláé.)

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Ìgbòho, fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Kì í ṣe ọmọ-ọmọ wọn ló parí Àlùkùránì o, àwọn fúnra wọn ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó di ọdún mẹ́rin tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti fojú kanra gbẹ̀yìn, nítorí ìbàdí Kọmíṣánnà. Àdàlú, ọkọ̀ wọn, ń fọ́ ìbàdí náà, Kọmíṣánnà ò sì ní wọ ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tí ọkọ mi fọwọ́ kàn fún mi wà nílẹ̀, kí n wá máa du àyè ní gáréèjì?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ gbogbo sípírìn abẹ́ rẹ̀, kí n fi ti ọkọ̀ ayé òde òní sí i. Wọ́n ní, "Bí òkè rẹ̀ ò bá ti yí padà, mi ò rí ìsàlẹ̀." Àṣẹ ti jáde. Mi ò lè jẹun alẹ́ nítorí ayọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Nòfẹ́ńbà

Mo fọ Àdàlú. Iwájú Pijó 404. Ẹ̀yìn tí Bàbá fi òòlù lù láti inú páànù, ní 1989. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ara ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú. Ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan ṣoṣo — gbogbo Ṣakí ló fi orúkọ yẹn pè é. Iṣẹ́ wẹ́dà tí mo ń jẹ lónìí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí ni Bàbá ti kọ́ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo pe Kàdírì mẹkáníìkì ní aago mẹ́wàá. Ó ní òun ń bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láti òní lọ, Ìṣẹ́jú-Márùn-ún ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Nòfẹ́ńbà

A ti tú u. Inú ń bí mi.

Irin pẹlẹbẹ ni Bàbá fi ṣe sípírìn rẹ̀, wọ́n to wọ́n léra bí ìwé. Mẹ́fà bára mu. Èkeje, tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nípọn bí àtàǹpàkò mi. Ìṣẹ́jú-Márùn-ún gbé e sókè, ó súfèé. Ó ní, "Àǹtí Misitúrà, ta ló fi irin tírélà sábẹ́ ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀?"

Bàbá mi ni. Nítorí iṣu! Lóòótọ́, Kọmíṣánnà ń ta iṣu nígbà náà, Bàbá sì ń bá wọn kó o láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ nígboro. Kí ló dé tí wọn ò fi iṣu sínú ìyẹn, kí wọ́n fi Àdàlú sílẹ̀ fún ìbàdí aya wọn? Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí irin yìí fi gbá ìyá mi mọ́lẹ̀. Bàbá, ẹ ò ṣe dáadáa. Mo ń bínú sí òkú. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

A ò ṣiṣẹ́. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Nòfẹ́ńbà

Mo kó irin méjèèje fún Bàbá Ràmọ́nì alágbẹ̀dẹ. Irin abẹ́ mọ́tò ni wọ́n fẹ́ràn jù láti fi rọ ọkọ́ àti àdá, kò sí èyí tó ń mú tó o. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó nípọn yẹn. Kí ó lọ roko, kí òun náà jìyà.

Ọjọ́ Ajé, 10 Nòfẹ́ńbà

Ìṣẹ́jú-Márùn-ún ti Ìsẹ́yìn dé! Ó gbé gbogbo abẹ́ ẹ̀yìn jíípù Forúnà kan bọ̀, èyí tó gbókìtì tí orí rẹ̀ fọ́ tí ìdí rẹ̀ sì yè. Sípírìn tó ká roboto, ṣọ́ọ̀kì tó ń dán. Mo fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ra màlúù iléyá.

Ó fi ìbú ọwọ́ kan fẹ̀ ju Àdàlú lọ. Kò burú. Màá gé e láàárín, màá tún jó o pọ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe wẹ́dà fún?

Ọjọ́bọ̀, 13 Nòfẹ́ńbà

Ó wọlé. Ó wọlé. Ó wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Nòfẹ́ńbà

Ọjọ́ ńlá — àti ọjọ́ ẹ̀tẹ́.

Mo ronú pé n ò lè fi ìbàdí Kọmíṣánnà dán an wò. Mo wá kó ẹyin awó wọn mẹ́rìnlélógún sínú abọ́, mo gbé e sórí àga ẹ̀yìn, mo wa Àdàlú gba ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Mi ò yẹ kòtò kankan sílẹ̀. Èyí tí mo gbójú fò, mo padà lọ wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a dúró, a ka ẹyin: mẹ́rìnlélógún. Kò sí èyí tó sán. Mo jó lójú títì. Ìṣẹ́jú-Márùn-ún dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀.

Mo sáré lọ sọ fún Kọmíṣánnà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní, "Ẹyin awó? Èyí tó ń já bọ́ láti orí àga tí kì í fọ́? Misitúrà, ṣé Ṣakí yìí náà ni mo bí ọ sí?"

Ojú tì mí wọnú egungun.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Nòfẹ́ńbà

Ẹyin adìẹ, méjìlá. Mẹ́sàn-án fọ́. Àga ń rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Nòfẹ́ńbà

Ìṣẹ́jú-Márùn-ún ní sípírìn Forúnà ló le jù fún un, Àdàlú ò wúwo tó o. Ó wá èyí tó rọ̀ láti ara mọ́tò kékeré kan. A fi í sí i, a gbé ti Forúnà jù sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. A tún kó ẹyin adìẹ méjìlá. Ọ̀kan péré ló fọ́, èmi ni mo sì jókòó lé e.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí wòlímọ̀. Mi ò lè sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Nòfẹ́ńbà, Ìgbòho

A dé!

Kọmíṣánnà di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú gírígírí nígbà tí a kúrò nílé, wọ́n ń ka àdúà lábẹ́lẹ̀. Kòtò àkọ́kọ́ — wọ́n dijú. Kò sí nǹkan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì — wọ́n la ojú kan. Nígbà tí a ó fi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mi ò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, orí wọn ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Mo tẹ búrékì. Wọ́n jí, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o dúró? Oorun ń dùn mọ́ mi." Mo sunkún títí dé Ìgbòho, mo díbọ́n pé eruku ni.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dìrọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìgbòho ka Àlùkùránì lójú gbogbo èèyàn. Ohùn wọn gbọ̀n níbì kan, áfà dúró dè wọ́n, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Kọmíṣánnà jókòó sórí ẹní fún wákàtí méjì láìdi ìbàdí mú.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Nòfẹ́ńbà

Bí a ṣe ń bọ̀, a dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Kọmíṣánnà ní kí n dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mu omi. Iṣu ni wọ́n lọ ń ná. Wọ́n ń na ìka sí i, wọ́n ń ti èyí tí kò dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń pe àwọn ìyá oníṣu lórúkọ. Mi ò rí wọn báyìí láti ọdún mẹ́rin. Ọgọ́ta iṣu ni wọ́n ní kí wọ́n kó sí ẹ̀yìn Àdàlú.

Ìdí Àdàlú jókòó. Táyà ń ha páànù. Mo ní, "Ìyá, ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ iṣu mọ́. Ìbàdí yín ni mo ṣe é fún. Irin tí Bàbá fi pa yín lára, mo ti yọ ọ́."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé Bàbá rẹ ló fi í síbẹ̀?"

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi lọ́nà, bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Pé nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ kàn án, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kó iṣu sí i, ìdí rẹ̀ lulẹ̀. Kọmíṣánnà ní kí Bàbá wá irin tó le kún un. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ìyàwó àwọn làwọn kàn án fún, àwọn ò kàn án fún iṣu. Oṣù kan ni wọ́n fi bára wọn jà.

"Mo sọ fún un pé èmi àti iṣu, ọ̀kan náà ni wá," Kọmíṣánnà ní. "Ọjọ́ tó fi irin yẹn sí i, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìbàdí mi yìí ló rán ọ nílé ìwé, èmi ni mo sì yàn án bẹ́ẹ̀. Má fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọkọ mi."

Bàbá, ẹ foríjì mí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Nòfẹ́ńbà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti wà níwájú àgbẹ̀dẹ. Mẹ́fà ti di ọkọ́. Bàbá Ràmọ́nì ní èyí tó nípọn le ju ọwọ́ àwọn lọ, iná méjì ni wọ́n ti fi sí i tí kò gbọ́. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewìrì, ó dúdú, kò tẹ̀. Mo gbé e sórí èjìká relé.

Kọmíṣánnà fi òrí pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń para fún ọmọ, wọ́n gbé e ti ògiri yàrá wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Wọ́n wá béèrè ibi tí sípírìn líle Forúnà wọ̀nyẹn wà. Mo ní ó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n fi í padà sí i kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí àwọn ti bá àwọn oníṣu Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ṣàdéhùn.

Mo ní, ìbàdí yín ńkọ́?

Wọ́n ní ó ti sinmi fún ọdún mẹ́rin, ó tó bẹ́ẹ̀.